Ìjókòó Kẹtàlá

Dókítà Aydan bi bàbá mi léèrè:
"Láti ìgbà wo lẹ ò ti rí oorun sùn?"
Bàbá mi wo yìnyín tó ń bọ́ lójú fèrèsé,
ó ní, "Láti ọjọ́ pẹnáritì yẹn."
Dókítà gbé kálámù sókè. "Pẹnáritì wo?"

Gbogbo àdúgbò wa ló mọ̀ ọ́n.
Ìṣẹ́jú kẹtàdínláàádọ́rùn-ún,
bọ́ọ̀lù lu irin, ó padà bí ìránṣẹ́ tí kò jíṣẹ́,
ẹgbẹ́ wa sì já sí ìsọ̀rí kẹta.

Lẹ́bàá odò Ruhr níbi tí a ń gbé,
ọgbọ̀n ọdún ni bàbá mi fi wọlẹ̀ wa èédú bí òkété.
Ọjọ́ tí wọ́n ti ihò náà pa, kò sọ nǹkan kan.
Ọjọ́ tí a sin màmá mi, ó ń bi àwọn àlejò bóyá kọfí tó.
Ṣùgbọ́n kí ẹgbẹ́ aláwọ̀ ewé fìdí rẹmi ní Sátidé,
Sọ́ńdè á di ọjọ́ òkú nílé wa,
á máa fi ṣíbí ro ọbẹ̀ tó ti tutù.
Èsì ìdíje, ara ilẹ̀kùn ni mo ti ń kà á:
bó bá rọra tì í, a ṣẹ́gun;
bó bá dún gbàà, rẹfirí ni;
bí kò bá dún rárá,
mo máa ń gbé oògùn oorun pamọ́.

Dókítà ní kó sinmi bọ́ọ̀lù fún oṣù kan.
Mo yọ̀. Mo ká ìborùn rẹ̀ sísàlẹ̀ àpótí,
mo yọ wáyà rédíò.
Ó gbọ́ràn bí ọmọ ilé-ìwé.

Ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, ó kun igi ọgbà lọ́dà.
Ọ̀sẹ̀ kejì, ó tún un kùn.
Ọ̀sẹ̀ kẹta, kò fá irùngbọ̀n, kò ṣí fèrèsé.
Nígbà tí aago méjì lù ní Sátidé,
ó dìde dúró láàárín pálọ̀
bí ẹni tí wọ́n pè tí kò rí ẹni tó pè é.
Mo ní, "Bàbá, ẹ jókòó."
Ó ní, "Níbo?"

Ọ̀sẹ̀ kẹrin, ẹnìkan tẹ aago ẹnu ọ̀nà.
Ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn kan tí òjò ti pa,
ó di fìlà mú bí ẹni tó wá tọrọ ìyàwó.
Ó ní Ekkehard lòun ń jẹ́, ìjókòó kẹtàlá lòun,
bàbá mi ni kejìlá.
Ọdún mọ́kàndínlógún làwọn ti jọ jókòó,
òun ò mọ ilé rẹ̀, òun ò mọ iye ọmọ rẹ̀,
òun kàn mọ bó ṣe máa ń wúkọ́ kí wọ́n tó gbá pẹnáritì.
Ilé búrẹ́dì mẹ́rin lòun ti béèrè kóun tó débí.
"Mo rò pé ó ti kú ni,
mi ò sì mọ ẹni tí mo máa kí kú ará fẹ́ra kù."

Bàbá mi jáde láti yàrá. Kò kí i.
Ó ní, "Ta ló ń ṣọ́ ẹ̀yìn báyìí?"
"Ọmọ kékeré kan. Kò mọ nǹkan kan."
Bàbá mi mí kanlẹ̀.
Mo lọ tú àpótí.

Mẹ́ta sódo ni wọ́n nà wá lọ́jọ́ náà.
Ó dé lálẹ́, ó gbá ilẹ̀kùn gbàà,
ó bú rẹfirí, ó bú ìyá rẹfirí,
ó jẹ ọbẹ̀ rẹ̀ tán, ó ní iyọ̀ ò tó.
Lóru, mo dúró sẹ́yìn ògiri, mo ń gbọ́ ọ,
ó ń hanrun bí ẹ̀rọ ihò èédú àtijọ́.

Mi ò sọ pé ara rẹ̀ ti yá.
Oògùn rẹ̀ ṣì ń bẹ lọ́wọ́ mi,
a ṣì ń lọ rí Dókítà Aydan ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun,
kò sì sí ìṣẹ́gun mìíràn tá a rí lọ́dún yìí.
Ṣùgbọ́n lórí káàdì ilé ìwòsàn rẹ̀,
níbi tí wọ́n ti béèrè ẹni tí wọ́n lè pè,
lábẹ́ orúkọ mi, ó ti fi kálámù bàìbàì kọ ọ́:
Ìjókòó kẹtàlá.